Wáìnì Soave àti Oúnjẹ Ilé Wa: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Ojú ìwé yìí kì í sábà gba ìbéèrè lórí wáìnì, nítorí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ èlùbọ́ àti ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà ni ó máa ń gba gbogbo àyè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa tí ń kàwé tàbí tí ń ṣiṣẹ́ ní Ítálì ti ń kó ìgò wáìnì bọ̀ wálé, tí àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Ìbàdàn sì ti ń tò ó sórí pẹpẹ, lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. A ti pa àwọn tí ó jọra pọ̀, a sì ti gé èyí tí ó gùn kù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin tí ó ń kàwé ní Padova fi ìgò wáìnì funfun méjì rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí wa. Soave ni wọ́n kọ sí i lára. A ṣí ọ̀kan ní ọjọ́ Àjíǹde, a sì fi í ti àmàlà lẹ́yìn, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata tí a fi ṣàkì àti pọ̀nmọ́ sè. Ó kan, ó sì mú kí ata ọbẹ̀ náà máa jó wa lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbúrò ọkọ mi ní ó ti bàjẹ́, ó sì da ṣúgà sí tirẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni ó ti bàjẹ́? Kí ni kí a fi ìgò kejì jẹ? — Ìyá àwọn ọmọ, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ọlọ́run yóò sì mú ọmọ padà bọ̀ láyọ̀. Wáìnì yín kò bàjẹ́. Oúnjẹ tí ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kò bá a mu, àlàyé rẹ̀ kò sì ṣòro.

Soave ni orúkọ ìlú kékeré kan tí ó ní odi àtijọ́, ní ìlà-oòrùn ìlú Verona, ní ẹkùn Veneto tí ó wà ní àríwá Ítálì. Àjàrà tí wọ́n ń pè ní Garganega ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì rẹ̀. Òfin wọn sọ pé Garganega kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì lè fi àjàrà Trebbiano di Soave àti Chardonnay dí ìyókù. Lórí òkè tí ayọnáyèéfín ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin púpọ̀ nínú èyí tí ó dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òkè mìíràn níbẹ̀ jẹ́ òkúta ẹfun. Àwọ̀ wáìnì náà jẹ́ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Òórùn òdòdó, ápù àti lẹ́móònù ni ó máa ń ní, bí ènìyàn bá sì ti gbé e mì, ìkorò díẹ̀ a máa kù sẹ́yìn ahọ́n, irú èyí tí ó wà nínú ọmọ èso fúrúùtù tí àwọn ọmọdé máa ń fi òkúta fọ́ lábẹ́ igi.

Nípa kíkan: nígbà tí omi àjàrà náà ń hó, ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán pátápátá tàbí kí ó kù díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ti di ọtí. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní adùn. Púpọ̀ nínú wáìnì tí a ń rí níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ní Ìbàdàn ni ó ní ṣúgà, ahọ́n wa sì ti mọ́ ọn débi pé èyí tí kò ní ṣúgà a máa dà bí ohun tí ó ti kan lójú wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni Soave kì í dá a mu bí ẹni ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti ń mu ún, kíkan náà sì ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ó ń mú itọ́ sun, ó ń fọ òróró kúrò lórí ahọ́n, ó sì ń jẹ́ kí òkèlè tí ó kàn dùn bí èyí àkọ́kọ́. Ẹ bá wa sọ fún àbúrò ọkọ yín pé ìlú Soave kan náà ń ṣe wáìnì aládùn fún irú wọn. Recioto di Soave ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń sá àjàrà rẹ̀ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìkórè kí wọ́n tó fún un, kí adùn lè kó jọ sínú rẹ̀. Òun ni kí wọ́n wá, kí wọ́n fi ṣúgà sílẹ̀ fún ògì.

Ọ̀rọ̀ ata ni ó gba àlàyé jù. Nínú ẹnu wa ni ohun kan wà tí ń jẹ́ kí a mọ̀ bí nǹkan bá gbóná jù. Èròjà inú ata tí àwọn onímọ̀ ń pè ní capsaicin a máa jí ohun náà, ìyẹn ni ata fi ń jó ni nígbà tí ọbẹ̀ ti tutù. Ọtí pẹ̀lú a máa ta á jí. Láìsí ọtí, ohun yìí a máa dúró títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó ké. Bí ọtí bá ti kàn án, nǹkan bí 34 ni yóò ti máa ké, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru ara ènìyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ 37. Nítorí náà, nígbà tí ẹ mu wáìnì tí ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lé ata rodo, iná ni ẹ tún dá sí iná. Bíà kò ní tó ìdajì ọtí yẹn, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja àrọ̀ aláta tí wọ́n ń sè fún wa ní àwọn ilé ọtí.

Ohun tí Soave ń fẹ́, ní kúkúrú, ni òróró àti iyọ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni ata tí ó pọ̀ àti adùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá wo inú ilé ìdáná yín.

Àkàrà ni mo fi ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wà tí a bó dáadáa, tí a lọ̀ kúnná, tí a fi àlùbọ́sà púpọ̀ àti ata díẹ̀ lù, tí a sì din nínú òróró ẹ̀pà tí ó gbóná dénú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ le kí inú rẹ̀ sì rọ̀: kò sí ohun tí wọ́n ń din ní Veneto tí ó bá wáìnì yìí mu jù ú lọ. Dùndú iṣu pẹ̀lú ẹja epìyà díndín náà wà ní ìpò kan náà, pàápàá bí ẹ bá rí epìyà tútù rà lọ́wọ́ àwọn tí ń pẹja ní adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí ẹ sì fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà nìkan pa á lára. Wàrà díndín tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà dára pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bu ata gígún lé e. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí-méje, tí ẹyin, ẹja àti edé wà nínú rẹ̀, a máa bá a mu dáadáa bí ata inú rẹ̀ bá mọ níwọ̀n. Adìyẹ tí a bọ̀ tí a sì din, iṣu pẹ̀lú ẹyin díndín, ìgbín tí a fi àlùbọ́sà yí láìfi ata bò ó mọ́lẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni ó ṣeé gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àlejò bá yọ láìròtẹ́lẹ̀ tí kò sí nǹkan nílé, ẹ bu ẹ̀pà sísun oníyọ̀ sínú abọ́. Iyọ̀ a máa rọ kíkan wáìnì náà lójú.

Ní ti iyán àti ẹ̀gúsí, mo fara mọ́ ọn bí ẹni tí ó sè é bá dín ata kù, nítorí ẹ̀gúsí ní ọ̀rá tí kíkan yóò gé. Òórùn irú kò da wáìnì náà láàmú tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà láàárín méjì: tòmátò náà kan, wọ́n sì jọ ń kan ni, ṣùgbọ́n bí ata bá kéré, kò burú. Dòdò ni kí ẹ yẹra fún. Adùn rẹ̀ yóò mú kí wáìnì náà kan ju bí ó ṣe kan lọ, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́nu yín lọ́jọ́ Àjíǹde yóò tún ṣẹlẹ̀. Ẹ̀wà àgànyìn, ayamáṣe àti asun, ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

Àmàlà ńkọ́? Gbẹ̀gìrì kò ní ẹjọ́ kankan, ẹ̀wà tí a fi epo díẹ̀ sè ni. Ewédú pẹ̀lú kò ba nǹkan jẹ́. Ọbẹ̀ ata ni ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀, èmi kò sì ní gba ọmọ Ìbàdàn níyànjú láé pé kí ó yọ ata kúrò nínú ọbẹ̀ àmàlà nítorí ìgò wáìnì kan. Ẹ jẹ́ kí omi tútù bá àmàlà lọ, kí ẹ sì fi ìgò kejì pamọ́ de òwúrọ̀ Sátidé tí ẹ bá fẹ́ din àkàrà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì fẹ́ràn láti mọ ìdí nǹkan. Kí ni àwọn tí ó ni wáìnì yìí fúnra wọn fi ń jẹ? — Bàbá kan, Òkè-Àdó.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni ìdáhùn yìí yóò dùn mọ́, nítorí ọ̀kan nínú oúnjẹ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ wà lórí àtẹ ní ọjà Bódìjà báyìí. Pańla ni.

Kì í ṣe èyí tí wọ́n yan lórí iná o. Ẹja Norway tí atẹ́gùn òtútù gbẹ gan-an, tí àwọn Ígbò ń pè ní okporoko, ni mo ń sọ. Ní ọdún 1431, ọ̀gákọ̀ kan tí ó jẹ́ ará Venice, Pietro Querini, gbéra láti erékùṣù Kírétè pẹ̀lú ọjà nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, wáìnì sì wà lára ọjà náà. Ìjì gbé e kúrò lójú ọ̀nà títí ọkọ̀ fi bàjẹ́, àwọn tí ó yè sì gúnlẹ̀ ní erékùṣù kan nítòsí Røst, ní Lofoten, ní òkè Norway lọ́hùn-ún, ní oṣù kìíní ọdún 1432. Àwọn apẹja ibẹ̀ gbà wọ́n sílé fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì ń bọ́ wọn ní ẹja tí a fi gbẹ sórí igi láìfi iyọ̀ sí i. Nígbà tí Querini padà sí Venice lọ́dún yẹn kan náà, ó ṣàlàyé ohun tí ó rí, ó sì kó lára ẹja náà wálé. Láti ìgbà náà ni pańla ti di oúnjẹ àwọn ará Veneto. Títí di òní, Ítálì àti Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ra pańla Norway jù lọ láyé.

Bí wọ́n ṣe ń sè é ní Vicenza, ìlú tí kò jìnnà sí Soave, gba sùúrù. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a máa pààrọ̀ omi náà, wọn a yọ egungun rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a fi àlùbọ́sà, òróró ólífì, wàrà olómi, wàràkàṣì líle àti ẹja kékeré oníyọ̀ sè é lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrò ó. Polenta, ìyẹ̀fun àgbàdo tí a fi omi gbígbóná rò, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ rí i pé kò sí ata nínú rẹ̀, ọ̀rá àti iyọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí pańla, wọn a máa fi Soave jẹ ìrẹsì tí a fi ẹ̀wà tútù oníkóróbótó sè, ẹja sadíìnì tí a din tí a sì fi àlùbọ́sà àti ọtí kíkan bò mọ́lẹ̀, àti oríṣiríṣi ohun inú òkun tí a din.

Bí ìyá ilé bá gbà, ẹ fi pańla tí ó ti rọ̀, àlùbọ́sà tí ó pọ̀ bíi ti ẹja, òróró ẹ̀pà àti wàrà olómi inú agolo dán an wò, kí ẹ fi túwó àgbàdo jẹ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan sọ fún mi pé wáìnì orí tábìlì ni ó kéré jù ní Ítálì. Síbẹ̀ mo rí ìgò Soave mẹ́ta ní ilé ìtajà kan, iye owó wọn sì jìnnà síra wọn. DOC wà lára ọ̀kan, Classico wà lára èkejì, DOCG sì wà lára ẹ̀kẹta. Kí ni mo ń san owó fún? — Oníṣòwò, Ring Road.

ÌDÁHÙN: Ẹni tí ó sọ fún yín sọ òótọ́ àtijọ́. Lábẹ́ òfin Ítálì àtijọ́, vino da tavola, ìyẹn wáìnì orí tábìlì, ni wọ́n ń pe wáìnì tí kò sí lábẹ́ òfin àgbègbè kankan, ẹnikẹ́ni sì lè pò ó láti ibi tí ó bá wù ú. Lẹ́yìn tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù tún òfin wáìnì ṣe ní 2008, wọ́n pa orúkọ yẹn tì, vino lásán ni wọ́n ń kọ báyìí. Soave kò sí ní ìpele yẹn. Ní 1963 ni Ítálì ṣe òfin DOC, tí ó ń sọ ibi tí a ti gbọ́dọ̀ gbin àjàrà, irú èyí tí a lè lò àti iye tí oko kan lè so. Soave sì wọ inú rẹ̀ ní 1968. Orí tábìlì oúnjẹ ni a ti ń mu ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ọtí yẹpẹrẹ.

DOC lásán lè wá láti ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó so èso púpọ̀, ó sì lè jẹ́ omi lẹ́nu. Classico wá láti orí òkè àtijọ́ tí ó yí Soave àti Monteforte d'Alpone ká, ibi tí ìjọba wọn ti pààlà sí láti 1931. DOCG ni ìpele òkè, tí wọ́n fún Recioto ní 1998 àti Soave Superiore ní 2001. Òfin tirẹ̀ le jù, ọtí inú Superiore kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 12. Bí owó bá jẹ́ tèmi, Classico ni n óò rà, nítorí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti DOC lásán hàn lẹ́nu, nígbà tí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti Superiore kì í sábà tó owó tí wọ́n fi lé e. Àwọn olóko kan tí wọ́n mọṣẹ́ kì í tilẹ̀ lo Superiore mọ́, Classico ni wọ́n ń kọ.

Bí ẹ kò bá rí Soave, ẹ béèrè Verdicchio láti ẹkùn Marche. Àjàrà kan náà ni pẹ̀lú Trebbiano di Soave, ó kan díẹ̀ jù ú lọ, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Pinot Grigio ni ó pọ̀ jù lórí pẹpẹ ní Ìbàdàn. Kò ní òórùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ba àkàrà jẹ́. Ohun tí ẹ rà nílé ìtajà níbí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kí ẹ sì wo ọdún tí wọ́n kọ sí i: èyí tí ó pọ̀ jù nínú Soave ni ó yẹ kí a mu láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta sí ìkórè rẹ̀, nítorí náà ìgò olówó pọ́ọ́kú tí ó ti pẹ́ lórí pẹpẹ, tí oòrùn sì ń pa á láti ojú fèrèsé, kò yẹ fún owó yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè fi obì tàbí orógbó pa á lẹ́nu níbi ìnáwó? — Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó, Bẹẹrẹ.

ÌDÁHÙN: Rárá. Ìkorò yóò pàdé ìkorò, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò gbádùn nínú méjèèjì. Ẹ lo obì fún àdúrà, kí ẹ gbé wáìnì jáde nígbà tí ẹja díndín bá dé.

ÌBÉÈRÈ: Alásè ni mí. Oníbàárà mi kan ní kí n fi wáìnì funfun se ẹja fún àlejò òun. Báwo ni kí n ṣe é, ṣé lóòótọ́ sì ni pé iná a máa lé gbogbo ọtí inú rẹ̀ lọ? — Ìyá alásè, Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Ẹ yọ́ àlùbọ́sà nínú òróró díẹ̀, ẹ da ife kékeré kan wáìnì sí i fún ẹja tí ó tó kílò kan, kí ẹ jẹ́ kí ó hó títí yóò fi kù bí ìdajì, kí ẹ tó kó ẹja àti omi díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe fi tòmátò púpọ̀ sí i. Wáìnì tí ẹ kò lè mu, ẹ má fi sè.

Ìbéèrè yín kejì ṣe pàtàkì jù. Kò jẹ́ òótọ́ pé gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde lórí oúnjẹ sísè fi hàn pé lẹ́yìn ìdajì wákàtí lórí iná, nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí náà ṣì wà nínú ìkòkò. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó kù ìdá 25. Lẹ́yìn wákàtí méjì àbọ̀, ìdá 5. Ẹja kì í sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iná. Ní ìlú tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń jẹun nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà yín kí ẹ tó dá iná, kí ó lè ya ìkòkò mìíràn sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í fẹnu kan ọtí àti fún àwọn aboyún. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi omi ẹja là yóò fún wọn ní kíkan tí ó sún mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ: Iná mànàmáná kì í dúró ní àdúgbò wa. Báwo ni mo ṣe lè mú un tutù, báwo ni yóò sì ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tí mo bá ṣí i? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbọ̀wọ́.

ÌDÁHÙN: Ra yìnyín, fọ́ ọ sínú korobá, bu omi lé e kí ó bo ìgò dé ọrùn, kí o sì da ìkúnwọ́ iyọ̀ bíi méjì sí i. Iyọ̀ a máa mú kí omi yìnyín náà tutù ju bí ó ti yẹ lọ, láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìgò náà yóò ti tutù tó. Bí ó bá wà láàárín 8 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti dára. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn rẹ̀ yóò pa mọ́. Má ṣe da yìnyín sínú ife, má sì fi í sínú ẹ̀rọ tí ń sọ omi di yìnyín kí o sùn gbàgbé, nítorí yóò ti ìdérí jáde tàbí kí ó fọ́ ìgò.

Kí o tó ṣí i, abẹ́ ibùsùn nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀ ni kí o gbé e sí, kì í ṣe orí fíríìjì àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ìdérí rẹ̀ bá jẹ́ kọ́ọ̀kì, fi ẹ̀gbẹ́ ìgò lélẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Lẹ́yìn tí o bá ṣí i, bí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, dé e padà, yóò lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta láìbàjẹ́. Bí kò bá sí iná, pe àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá, kí ẹ din àkàrà, kí ẹ sì mu ún tán lọ́jọ́ náà.